Áńpù béèsì tí ọlọ́kadà ò ní kọ̀: èmi àti Rumble 100 l'Óṣogbo

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látibi tó ti dùn mí. Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, a fẹ́ lọ ṣeré níbi ìsìnkú kan n'Íkìrun, mo gbé áńpù mi àtijọ́ síta (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá béèsì mi jáde), èyí tó ní spíkà ínṣì 15 nínú (mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é torí kò ṣẹ̀ mí, ohùn ẹ̀ dáa), mo dúró létí títì l'Ókè-Báálẹ̀. Ọlọ́kadà àkọ́kọ́ dúró, ó wo áńpù, ó wò mí, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ṣé fíríìjì lẹ fẹ́ kó lọ ilé tuntun ni?" ló bá tẹná mọ́ ọkọ̀. Èkejì ní kí n san owó èèyàn mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ Maruwa ló padà gbé mi dé Old Garage, níbẹ̀ èmi àti ọmọ awakọ̀ jọ gbé e sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ká tó ṣe tán ẹ̀yìn mi ti ń pariwo. A dé Ìkìrun, a ṣeré, béèsì dún kọjá bó ṣe yẹ, àwọn èèyàn náwó, ṣùgbọ́n owó tí mo gbà lọ́jọ́ yẹn, ìdá tó pọ̀ nínú ẹ̀ ló lọ sórí ọkọ̀ àti róòbù tí mo fi para lálẹ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé áńpù tí mo bá tún máa rà, ọwọ́ kan ni mo fi máa gbé e, gìtá á wà lẹ́yìn mi, ọ̀kadà kan á sì gbé gbogbo wa lọ láìbínú.

Kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀: mò ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ókè-Fìà ní gbogbo Sunday, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ jùjú kékeré kan tó ń jáde lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá pè wá. Èèyàn méje ni wá: gìtá, béèsì, kíbọ́ọ̀dù, gángan méjì, àkúbà, àti ọ̀gá wa tó ń kọrin. Òṣogbo ni, ìlú tí wọ́n bí Sunny Adé sí lọ́dún 1946, kò dáa kí béèsì máa dún bí ẹni ń lu páànù òrùlé lójú àwọn èèyàn wa, wọ́n mọ ohun tó dùn o, bàbá àgbàlagbà á jókòó síbẹ̀ á ní "ọmọ yìí, ohùn ilẹ̀ ẹ dà?"

Mo wá ń wá nǹkan mẹ́ta, ohùn, kedere, àti kó má wúwo. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í sábàá bára wọn ṣọ̀rẹ́.

Mo ya ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta láàárín Ọ̀láìyá sí Station Road. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ń tà jù ni spíkà ńlá, makirofóònù àti kíbọ́ọ̀dù, áńpù béèsì ò pọ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ káwọn bá yín gbé e láti Èkó. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ọmọ tó ń tajà fi ọ̀kan hàn mí, wọ́n kọ 3000W gàdàgbà sí i níwájú, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, eléyìí á fọ́ ilé." Mo yí i padà wo ẹ̀yìn ẹ̀, àkọlé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń ki wáyà iná sí sọ pé 90W ni gbogbo iná tó ń jẹ. Mo ní àbúrò mi, ohun tó ń jẹ 90, báwo ló ṣe fẹ́ pọ 3000 jáde? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà nìyẹn. PMPO ni wọ́n ń pe irú nọ́ńbà yẹn, ẹ má gbọ́. RMS, ìyẹn watts tó lè máa pọ jáde láìdúró, ni kẹ́ ẹ bi wọ́n, tí wọ́n ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ wo ẹ̀yìn áńpù fúnra yín.

Kódà watts tòótọ́ gan-an kì í ṣe bá a ṣe ń rò ó. Áńpù 100W ò pariwo ní ìlọ́po méjì 50W. Téèyàn bá sọ watts di ìlọ́po méjì, decibel (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) 3 péré ló máa fi lé e, etí á mọ̀ pé nǹkan kan yí padà díẹ̀, ó tán. Kí etí tó lè sọ pé "háà, eléyìí ti di méjì èkíní", watts gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi owó gidi lé e kẹ́ ẹ kúrò ní 100 lọ sí 150, owó yín ló fẹ́ jẹ. Bí spíkà ṣe tóbi tó, bí wọ́n ṣe kan àpótí ẹ̀, àti ibi tẹ́ ẹ gbé e sí, àwọn yẹn ń ṣe iṣẹ́ tó ju watts 50 lọ.

Àwọn tí mo fọwọ́ ara mi gbìyànjú: Hartke HD50, Fender Rumble 40, àti Fender Rumble 100. Gìtá tèmi ni mo gbé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé gìtá yín dání, ẹ má fi gìtá ṣọ́ọ̀bù dán áńpù wò, torí ẹ ò ní mọ èwo ló ń dún nínú àwọn méjèèjì. Mo tún mú ọ̀rẹ́ mi tó ń lù gángan dání, mo ní kó máa lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń ta á, Alhaji tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé òde àríyá la gbé wá bá òun ni, nígbà tó yá òun náà ń mi orí.

Ìdí tí mo fi mú onígángan dání ni pé áńpù tó dùn nígbà tẹ́ ẹ nìkan ń ta béèsì nínú ṣọ́ọ̀bù lè di ẹni à ń wá nígbà tí ìlù bá wọlé. Ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù nìyí nínú gbogbo ìrìnàjò yìí, mo sì fẹ́ dúró lé e díẹ̀.

Okùn tó nípọn jù lórí béèsì, E, 41 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti olókùn márùn-ún, B ìsàlẹ̀ ẹ̀, 31 Hz. Ohùn tó wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, spíkà kékeré ò lè pè é tán, kódà spíkà ńlá púpọ̀ ń díbọ́n ni. Ṣùgbọ́n okùn kan kì í dún ní ohùn kan ṣoṣo, E yẹn ní àwọn ọmọ tó ń tẹ̀lé e, 82, 123, 164, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sókè, etí wa ń gbọ́ àwọn ọmọ yẹn, ọpọlọ á wá bá wa ṣírò ìyá wọn. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ béèsì nínú fóònù tó jẹ́ pé spíkà inú ẹ̀ ò ju èékánná lọ. Ó wá túmọ̀ sí pé ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ orin tẹ́ ẹ ń ta, àárín ni ó wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwa onibéèsì ilẹ̀ wa ni, tá a bá dé ìdí áńpù, ohun àkọ́kọ́ ni ká yí nọ́ọ̀bù béèsì dé òpin, ká gé àárín dànù, ilé á máa mì, àwo á máa gbọ̀n lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ bóyá dò là ń ta ni àbí sọ̀. Ariwo ni, kì í ṣe orin.

Hartke HD50 yẹn, spíkà ínṣì 10 ló ní, àárín spíkà náà jẹ́ alumíníọ̀mù, etí ẹ̀ jẹ́ pépà, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ohùn òkè lè mú, kí ti ìsàlẹ̀ sì rọ̀. Lóòótọ́ ó mú. Tí mo bá fi àtàǹpàkò gbá okùn, ó ń dún "tá!" bí ẹni ṣáná. Ẹni tó ń ta gospel òde òní tó ní slap (fífi àtàǹpàkò gbá okùn bẹ́ẹ̀) nínú dáadáa á fẹ́ràn ẹ̀. Fún jùjú ó mú jù fún etí tèmi, béèsì jùjú gbọ́dọ̀ yí bí ẹni ń jó, kò gbọdọ̀ gún èèyàn. Ìfẹ́ tèmi nìyẹn o, ọ̀rẹ́ mi onígángan fẹ́ràn Hartke jù, a ṣì ń jà lé e lórí.

Rumble 40, spíkà ínṣì 10 náà ni, kíló mẹ́jọ ó lé díẹ̀ ló wọ̀n, ẹ lè fi ìka méjì gbé e. Ohùn ẹ̀ dáa, ó dùn nínú yàrá, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi gbá gángan gidi, mo ní láti yí i sókè dé ibi tó ti ń rojọ́. Àwọn àgbà ní ìlù tó bá dún àdúnjù, ó fẹ́ ya ni. Mo kúrò nídìí ẹ̀.

Rumble 100 ni mo gbé lọ sílé.

Spíkà ínṣì 12 kan, 100W, bíi kíló 10. Kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí kíló 10 jẹ́, àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50, áńpù márùn-ún irú ẹ̀ ló máa tó àpò kan. Mo gbé e jáde láti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọwọ́ òsì, mò ń fi ọ̀tún dáhùn fóònù, inú mi dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Àwọn áńpù ìgbàlódé ń fúyẹ́ torí iná inú wọn ti yàtọ̀, tìgbà àtijọ́ ní transformer irin ńlá kan nínú àti ooru púpọ̀, àwọn tuntun tí wọ́n ń pè ní class D ò nílò irin tó tó yẹn, àwọn mìíràn tún ń lo mágínẹ́ẹ̀tì neodymium tó kéré tó sì lágbára nínú spíkà wọn. Ẹ rántí pé Ampeg SVT tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1969, 300W tó jẹ́ pé gílóòbù àtijọ́ (tube) ló ń fi ṣiṣẹ́, àpótí spíkà tó ń bá a rìn ní spíkà ínṣì 10 mẹ́jọ nínú. Mẹ́jọ! Ìyẹn kì í ṣe ẹrù ọ̀kadà, lọ́rì ni.

Ohùn ẹ̀ ńkọ́? Nọ́ọ̀bù mẹ́rin ló ní fún ohùn: ìsàlẹ̀, àárín ìsàlẹ̀, àárín òkè, òkè. Pé wọ́n pín àárín sí méjì ni mo fi fẹ́ràn ẹ̀, torí àárín ìsàlẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń wà, àárín òkè sì ni kedere. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mo fi gbogbo nọ́ọ̀bù sí àárín, mo dín àárín ìsàlẹ̀ kù díẹ̀, mo gbé àárín òkè sókè díẹ̀, mi ò fọwọ́ kan béèsì àfi tí a bá wà níta gbangba. Ó ní bọ́tìnnì mẹ́ta tún, Bright, Contour, Vintage. Vintage ń jẹ́ kó dún bíi tàwọn áńpù àtijọ́, ó gbóná díẹ̀, ó yíká, fún jùjú mi ò ní pa á láé. Contour ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, ó ń gé àárín, ẹ nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ máa ní ó dùn gan-an, bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lóde kí onígángan tó gbọ́wọ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì béèsì yín ti wọlẹ̀. Bọ́tìnnì overdrive, tó ń jẹ́ kí ohùn ha, náà wà níbẹ̀ fáwọn tó ń ta rọ́ọ̀kì, mi ò tíì rí ìyàwó tuntun tó fẹ́ jó wọlé pẹ̀lú ìyẹn.

Ìdánwò gidi: ìgbéyàwó kan n'Ílobùú, abẹ́ kánópì, èèyàn bíi igba. Ìta ni ọ̀tá béèsì, kò sí ògiri tó máa dá ohùn padà, ohun tó ń mi yàrá nínú ilé, tó bá di ìta ṣe ló ń fò lọ. Mo kọ́kọ́ gbé áńpù sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi, mi ò gbọ́ ara mi rárá, ẹsẹ̀ mi ló ń gbọ́ ọ. Mo wá dá a lé orí kúrétì mínírà, mo fi bíríkì kékeré kan gbé iwájú ẹ̀ sókè kó lè wo etí mi, lójú ẹsẹ̀ ayé yí padà, mi ò tún fọwọ́ kan volume mọ́. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ ra áńpù ńlá. Tí ohùn ilẹ̀ bá kéré jù, ẹ dá a padà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sún un mọ́ ògiri tí ògiri bá wà, á pọ̀ sí i. Ní kọ̀rọ̀ ilé á tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà mìíràn á pọ̀ débi tó máa bàjẹ́.

Àmọ́ kí n má parọ́, 100W nìkan ò tó fún èèyàn igba lábẹ́ kánópì. Ohun tó gbà mí ni ihò XLR tó wà lẹ́yìn ẹ̀, mo fi wáyà kan láti ibẹ̀ lọ sínú míksà ọ̀gá tó ń ṣe sound, spíkà ńlá wọn ló ń gbé béèsì fún àwọn èèyàn, áńpù mi ń gbé e fún èmi àti onígángan. Bí wọ́n ṣe ki wáyà náà báyìí, "hùnnnnn", ohun kan ń kùn bí yànmùyánmú, torí wáyà ilẹ̀ áńpù mi àti ti míksà wọn ti so pọ̀ lọ́nà méjì. Bọ́tìnnì ground lift wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yẹn, mo tẹ̀ ẹ́, ariwo kú. Ọ̀gá sound wò mí bí ẹni tó pa idán. Bọ́tìnnì kékeré yẹn nìkan, mo lè fi sanwó áńpù náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ilé ni, ògiri pọ̀, páànù ń dá ohùn padà, Rumble yẹn kì í kọjá ìdajì. Wàhálà tá a ní níbẹ̀ kì í ṣe ti áńpù, ti ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù wa ni (ó mọ ara ẹ̀), ọwọ́ òsì ẹ̀ kì í sinmi, gbogbo ohun tí mo bá ń ta nísàlẹ̀ lòun náà ń tẹ̀ nísàlẹ̀, àwa méjèèjì á wá máa jà sí yàrá kan. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé ọwọ́ òsì ẹ̀ sókè, Sunday yẹn ni ìyá ìjọ kan wá bá mi, wọ́n ní "ọmọ mi, lónìí mo gbọ́ ẹ o." Kò sí áńpù tó lè ṣe èyí tẹ́ ẹ bá ní irú kíbọ́ọ̀dù yẹn, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó náwó.

Nípa tòkúnbọ̀: kí n tó ra èyí, mo kọ́kọ́ ra òmíràn lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń kó ẹrù láti Amẹ́ríkà, ó dùn lówó, ó mọ́ tónítóní, mo ki i bọ iná ní ilé, "pàà!", èéfín. Iná tiwọn 120V ni, tiwa 230V. Ẹni tó tà á ò sọ, èmi náà ò wo ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ pé ìlú òyìnbó UK ló ti wá, iná wa àti tiwọn bára mu. Ti Amẹ́ríkà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀, àwọn kan ní ibi tẹ́ ẹ ti lè yí i sí 230, àwọn kan ò ní, àwọn tí ò ní yẹn nílò step-down (ẹ̀rọ tó ń sọ iná 230V di 120V), step-down gidi tún wúwo, ẹ ti wá padà sí ọ̀rọ̀ ẹrù tá a ń sá fún. Ẹ sì ra stabilizer fún tuntun náà, iná wa l'Óṣogbo kì í wọlé jẹ́jẹ́.

Ta ni kó ra a? Ẹni tó bá ń ta nínú ilé tàbí tó fẹ́ máa kọ́ ni, Rumble 40 tó o, ẹ má fi owó ṣòfò. Ẹni tí ò ní iná nílé, Roland ṣe ọmọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Micro Cube Bass RX, bátìrì AA mẹ́fà ló ń lò, spíkà ínṣì 4 mẹ́rin, kò lè bá ìlù jà ṣùgbọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ara yín lójú òkùnkùn. Ẹni tó ń ṣeré níta gbangba tí ò sì sí míksà tó lè gbẹ́kẹ̀ lé, 100 á dójú tì yín, ẹ lọ sí Rumble 500, spíkà ínṣì 10 méjì, kíló bíi 17, ó ṣì wọ inú kẹ̀kẹ́. Ẹ má fi áńpù gìtá ta béèsì ṣá, spíkà ẹ̀ ò ṣe fún ohùn ilẹ̀, á fà ya níjọ́ kan lójú agbo. Iye tí mo rà á ni mi ò ní sọ, dọ́là ò dúró síbì kan, iye tí mo bá kọ lónìí á ti di ìtàn kẹ́ ẹ tó dé ṣọ́ọ̀bù, Alhaji á ní èmi ni mo ba òun lọ́jà jẹ́.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ báyìí. Ọlọ́kadà kan ṣoṣo ni mo ń gbà, mo ń gbé áńpù sáàárín èmi àti òun, gìtá lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó tún bi mí ní fíríìjì. Áńpù àtijọ́ ṣì wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, mo ní màá tà á, mi ò rẹ́ni tó lè gbé e, ìyàwó mi ti tẹ́ aṣọ lé e lórí, tẹlifíṣọ̀n ló gbé kà á.